Ìgbà wo ni mesh tó wẹ́ tó? Bí a ṣe ń yẹ stress wò

Má fọwọ́ sí stress (agbára tó wà lórí ìwọ̀n ojú irin kọ̀ọ̀kan) kankan tí kọ̀ǹpútà gbé jáde títí nọ́ńbà náà yóò fi dúró sójú kan bó o ṣe ń sọ mesh, ìyẹn àwọ̀n element (ègé kéékèèké) tí kọ̀ǹpútà pín irin sí, di wẹ́wẹ́. Irin pẹlẹbẹ oníhò ni kó o kọ́kọ́ fi dánra wò, torí ìdáhùn rẹ̀ ti wà nílẹ̀ tipẹ́: Kirsch, ará Jámánì, ti ṣe ìṣirò rẹ̀ láti 1898.

Ká ní irin náà fẹ̀ ní 100 mm, ó gùn ní 200 mm, ó nípọn ní 5 mm, ihò 20 mm wà láàárín rẹ̀, a sì ń fi 50 kN fà á lókè àti nísàlẹ̀. Irin tó ṣẹ́ kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò jẹ́ 80 mm. Tá a bá pín agbára náà dọ́gba síbẹ̀, 125 MPa (N lórí mm² kọ̀ọ̀kan) ni. Etí ihò máa ń gba nǹkan bí ìlọ́po 2.51 rẹ̀, ìyẹn 314 MPa. Nọ́ńbà tí à ń wá nìyẹn.

Apá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bára mu, torí náà ìdá kan nínú mẹ́rin ni kó o yà, kó o sì yan plane stress (ìṣirò irin pẹlẹbẹ, tí stress kò sí láti ojú dé ẹ̀yìn rẹ̀). Lójú ibi tó o ti gé e, ìrìn tó fẹ́ gba ojú ibẹ̀ kọjá nìkan ni kó o dí. Tó o bá dè é lọ́nà méjèèjì, irin kò ní lè sún kì bó ṣe ń gùn, stress tí kò sí rárá á sì yọjú. Tẹ́ agbára náà sórí etí òkè pátá, 100 MPa. Má gbé e ka node (ojúkò tí àwọn element ti so pọ̀) kan ṣoṣo.

Element onígun mẹ́ta oní-node 3 kò dára fún iṣẹ́ yìí, torí stress kan náà ló wà nínú rẹ̀ láti etí dé etí. Lo oní-node 6, tàbí onígun mẹ́rin oní-node 8, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lè tẹ̀ bá ihò mu.

Etí ihò ni kó o kó element jọ sí, torí ibẹ̀ ni stress ti ń já wálẹ̀ kíákíá. Nínú ìṣirò Kirsch, tí irin fẹ̀ láìlópin, ìlọ́po 3 tó wà ní etí ihò á ti di 1.22 péré tó o bá fi rìn 10 mm kúrò. Fi element 6 yí ìdá mẹ́rin ihò náà ká, lẹ́yìn náà 12, lẹ́yìn náà 24. Bó o ṣe ń jìnnà, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan má fi ju 30% tóbi ju èyí tó ṣáájú lọ. Lọ́nà jíjìn, element 8 mm ti tó; kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ kàn ń fàkókò ṣòfò ni.

Ká ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta yẹn fún ọ ní 300, 310 àti 313 MPa. Ìyàtọ̀ àkọ́kọ́ jẹ́ 10, èkejì jẹ́ 3. Ó ń dín kù, ó dára. Sọ 3 di ìlọ́po ara rẹ̀, 9. Pín in sí 10 dín 3, ìyẹn 7. Fi èsì rẹ̀ kún 313. Ó di 314.3, ibẹ̀ ni nọ́ńbà náà sì ń lọ. Má fi displacement (bí irin ṣe sún tó) ṣe ẹ̀rí o, torí òun ló máa ń kọ́kọ́ dúró nígbà tí stress ṣì ń rìn.

Pa averaging (ìpíndọ́gba stress àwọn element tó pàdé) tí sọfitiwia máa ń ṣe. Tí element méjì tó jọ ní node kan bá sọ 280 àti 330, àwòrán á fi 305 hàn ọ́ bí ẹni pé ara dá. Àlàfo tó bá ju 5% lọ níbi tó ṣe kókó, wẹ́ ẹ sí i. Tún wo stress tó kọjú sí inú ihò: kò sóhun tó ń ti ibẹ̀, òdo ló yẹ kó jẹ́. Tó o bá rí 20 MPa, mesh rẹ ò tíì wẹ́ tó.

Igun inú tó mú, bíi ti irin onígun L, kì í dúró láéláé. Tó o bá dín element kù sí ìdajì, stress rẹ̀ á fi bí 37% lọ sókè, á sì máa lọ bẹ́ẹ̀. Ya rédíọ̀sì tí igun náà ní gan-an. Tó bá jẹ́ ojú wẹ́dà (ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀), má ka stress ìdí rẹ̀ rárá: fún irin tó nípọn ní 10 mm, ka a ní 4 mm àti 10 mm sí ìdí wẹ́dà, fi 1.67 lu ti àkọ́kọ́, kó o sì yọ ìlọ́po 0.67 ti èkejì kúrò. Èyí ni kó o fi wá iye ìgbà tí ojú wẹ́dà náà lè gba ẹrù kó tó là.