Bí mo ṣe to kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo fún ènìyàn mẹ́ta

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ló ni kọ̀ǹpútà náà. Windows 11 ló wà lórí rẹ̀, Excel, ètò tó pín ojú ìwé sí òpó àti àpótí, ni wọ́n sì fi ń kọ owó àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Akọ̀wé mọ Excel dáadáa, ọ̀dọ́kùnrin kan ń bá wọn tẹ lẹ́tà, màmá akápò kò sì tíì di máòsì mú rí. Màmá ni mo fi ṣe òṣùwọ̀n, torí ọwọ́ wọn ni owó ń gbà wọlé.

Mo wọ Settings, mo tẹ Accounts, lẹ́yìn náà Other users, mo sì ṣí àkántì ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Akọ̀wé nìkan ni Administrator, ìyẹn ẹni tó láṣẹ lórí gbogbo ètò kọ̀ǹpútà náà. Standard ni àwọn yòókù. Fáìlì owó wà nínú Public Documents kí gbogbo wọn lè rí i. Ẹni tó bá ṣe tán gbọ́dọ̀ pa Excel dé. Bó bá fi í sílẹ̀ ní ṣíṣí, kíkà nìkan lẹni tó kàn lè kà á.

Ní àkántì màmá, mo gbé Scale, ìyẹn ìtóbi ohun tó ń hàn lójú kọ̀ǹpútà, sí 150%. Títẹ máòsì lẹ́ẹ̀mejì léraléra máa ń ni àgbà lára, nítorí náà mo lọ sí Options inú File Explorer, mo yan Single-click.

Inú Excel gan-an niṣẹ́ wà. Gbogbo àpótí inú rẹ̀ ló ti ní àmì Locked láti ìbẹ̀rẹ̀, àmọ́ títì náà kì í ràn títí a ó fi tẹ Protect Sheet. Ẹni tó bá sáré tẹ ẹ́ kò ní rí ibì kankan kọ nǹkan sí. Mo kọ́kọ́ yan òpó ọjọ́, fóònù àti iye owó, mo wọ Format Cells, Protection, mo yọ àmì Locked kúrò. Ìgbà yẹn ni mo wá tẹ Protect Sheet lábẹ́ Review, mo sì yọ àmì Select locked cells. Báyìí, bọ́tìnnì Tab ń gbé màmá lọ sí kìkì ibi tó yẹ kí wọ́n kọ nǹkan sí. Wọn ò nílò máòsì rárá.

Nọ́ńbà fóònù ló ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Excel máa ń gé 0 iwájú 080 dànù, ẹyọ nọ́ńbà 11 á di 10. Ẹ sọ òpó náà di Text, kí Excel lè kà á sí ọ̀rọ̀ dípò iye, kí ẹ tó kọ ohunkóhun síbẹ̀, torí bí 0 bá ti lọ, yíyí i padà sí Text kò lè dá a padà. Lẹ́yìn náà, nínú Data Validation, tí Excel fi ń yẹ ohun tí a tẹ̀ wò, mo yan Text length, equal to, 11. Gẹ̀ẹ́sì ni Excel fi ń báni wí bí a bá ṣì í tẹ̀, ó sì máa ń já ẹni tí kò mọ̀ ọ́n láyà. Mo wọ Error Alert, mo kọ tèmi síbẹ̀: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, nọ́ńbà fóònù yìí ò pé mọ́kànlá. Ẹ tún un kà.” Mo gbà pé gbogbo ẹni tó bá ń to kọ̀ǹpútà fún àgbà ló yẹ kó ṣe èyí.

Ti ọ̀dọ́kùnrin kò gba àkókò: kíbọ́ọ̀dù Yorùbá àti àwòṣe lẹ́tà kan nínú Word ti tó o.

Mi ò fi nǹkan kan pamọ́ fún akọ̀wé. Páásíwọ́ọ̀dù Protect Sheet wà lọ́wọ́ wọn, ẹ̀dà kan sì wà nínú àpò ìwé lọ́dọ̀ alága. Àṣìtẹ̀ ni ìtìpa yìí ń dènà, kì í ṣe olè. Akọ̀wé fúnra wọn ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ ṣọ́ra jù, torí Data Validation kì í yẹ ohun tí a bá fi Paste lẹ̀ mọ́ àpótí wò.