Bí A Ṣe Ń Sọ Ìdá Di Dẹ́símà àti Pasẹ́ńtì: Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀ àti Onílé

Lára àpò ajílẹ̀ òyìnbó ni a ti ń rí nọ́ńbà mẹ́ta tó tẹ̀ léra, irú bíi 15-15-15 tàbí 20-10-10, tí àgbẹ̀ púpọ̀ sì kà sí orúkọ ọjà lásán. Ìdá nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n, èyí tí ará ọjà ń pè ní pasẹ́ńtì. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ jẹ́ ti naitirójìn, tí ń mú kí ewé àgbàdo dúdú minimini.

Ìdá, dẹ́símà àti pasẹ́ńtì jẹ́ ọ̀nà mẹ́ta tí a ń gbà kọ iye kan náà. Ẹni tó bá ti yọ ìdámẹ́wàá nínú owó rẹ̀ rí ti ń ṣe ìṣirò yìí tipẹ́: 1/10 ni, 0.1 ni, 10% náà ni. Láti sọ ìdá di dẹ́símà, ẹ fi nọ́ńbà ìsàlẹ̀ pín ti òkè; láti sọ dẹ́símà di pasẹ́ńtì, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 100. Bí ẹ bá ń padà bọ̀ láti pasẹ́ńtì, ẹ fi 100 pín in. Báyìí ni 3/4 ṣe di 0.75, tó sì di 75%.

Ẹ dán an wò lórí irúgbìn kí òjò tó dé. Ẹ ka hóró àgbàdo 50, ẹ fi aṣọ tútù wé e, ẹ má jẹ́ kí aṣọ náà gbẹ, kí ẹ sì ka èyí tó hù lẹ́yìn ọjọ́ 7. Bí 43 bá hù, 43/50 ni, ìyẹn 0.86, tàbí 86%. Ẹni tó ń fẹ́ igi àgbàdo 100 yóò fi 0.86 pín 100, yóò sì rí 116.3; hóró 117 ni kó gbìn, torí a kì í gbin àbọ̀ hóró.

Ní ti ajílẹ̀, àpò 15-15-15 oní-kílò 50 ní naitirójìn 0.15 × 50, ìyẹn kílò 7.5, ṣùgbọ́n àpò yúríà, ajílẹ̀ mìíràn tí naitirójìn rẹ̀ jẹ́ 46%, ní kílò 23 nínú kílò 50 bákan náà. Nítorí náà, bó bá jẹ́ naitirójìn nìkan ni oko yín ń fẹ́, kílò naitirójìn ni kí ẹ fi pín owó àpò kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó sọ pé ọ̀kan wọ́n ju èkejì lọ.

Ibi tí a ti ń ṣìnà jù ni òdo. 5% jẹ́ 0.05, kì í ṣe 0.5. Èlé 5% lórí ₦40,000 jẹ́ ₦2,000. Ẹni tó bá gbàgbé òdo kan yóò kọ ₦20,000.

Ìdá kan nínú mẹ́ta tún ní wàhálà tirẹ̀, torí 3 inú 0.333... kì í parí. Bí olóko àti ẹni tó ń bá a tọ́jú oko bá fẹ́ pín kòkó kílò 96, tí ìdá kan nínú mẹ́ta sì jẹ́ ti olùtọ́jú, kílò 32 ló tọ́ sí i. Ẹni tó bá fi 0.3 ṣírò rẹ̀ yóò fún un ní 28.8, kílò 3.2 yóò sì ti wọ àpò ẹlòmíràn. Ẹ fi 3 pín in tààrà.