Ọwọ́ Ọ̀tún Sẹ́ẹ̀tì Kan, Ọwọ́ Òsì Sẹ́ẹ̀tì Mẹ́ta: Ọ̀sẹ̀ 12 Tí Mo Fi Gbé Kẹ́ẹ̀gì

Aránṣọ ni mí ní Ìtókù, ní Abẹ́òkúta, ó sì ti lé ní ọdún 18 tí mo ti ń jókòó ti ẹ̀rọ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ẹni ọdún 41 ni mí, n kò sì gbé irin rí láyé mi. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Èrèlé, mo fẹ́ gbé orí ẹ̀rọ ìránṣọ mi láti orí tábìlì sí ilẹ̀ kí n lè kán epo sí abẹ́ rẹ̀, apá mi méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ọmọ iṣẹ́ mi ló sì sáré wá gbà á lọ́wọ́ mi. Ó dùn mí gan-an, nítorí pé ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, èmi nìkan ni mo gbé orí ẹ̀rọ yẹn gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wá sí ṣọ́ọ̀bù. Mo wá pinnu pé n ó máa gbé ẹrù láti fi wá agbára padà, n ó sì máa kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé tí mo fi ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà mi.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ kò dára. Lọ́jọ́ Ajé àkọ́kọ́, mo bu omi lítà 5 sínú kẹ́ẹ̀gì lítà 10, mo dúró ṣánṣán, mo sì ń ká apá mi láti ìsàlẹ̀ títí kẹ́ẹ̀gì fi ń kan èjìká, títí tí kò fi ṣe é gbé mọ́. Mo sinmi díẹ̀, mo tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọwọ́ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó di Ọjọ́rú, n kò lè ká apá débi tí n ó fi ya irun mi. Àlùmọ́gàjí tí mo fi ń gé aṣọ di ẹrù ńlá sí mi lọ́wọ́, aṣọ ẹbí tí mo ṣèlérí fún Sátidé sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má parí. Òwúrọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó gan-an ni mo ń rán bọ́tìnnì tó kẹ́yìn.

Olùkọ́ eré ìdárayá kan tó ti fẹ̀yìn tì ń gbé ní ilé kejì sí ṣọ́ọ̀bù mi, Bàbá Tíṣà ni gbogbo wa ń pè é. Nígbà tí mo ròyìn fún un, ó ṣàlàyé pé irú ìrora bẹ́ẹ̀ máa ń le jù ní ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta, pàápàá fún ara tí kò mọ iṣẹ́ náà rí. Ó tún kìlọ̀ fún mi pé bí ìtọ̀ ẹnì kan bá dúdú lẹ́yìn irú àṣejù bẹ́ẹ̀, ilé ìwòsàn ló yẹ kó gbà lọ lójú ẹsẹ̀, nítorí pé iṣan tó ń bàjẹ́ lè ṣe kíndìnrín ní jàǹbá. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ̀rọ̀ tó di iṣẹ́ oṣù mẹ́ta fún mi. Ó ní, "Ìyá Tóbi, ara tí kò ṣe é rí kò fẹ́ púpọ̀. Sẹ́ẹ̀tì kan péré, tí o bá ṣe é dé ibi tó ti nira, á fún ọ lágbára. Ṣùgbọ́n tí o bá fẹ́ kí iṣan náà tóbi, ìyẹn á fẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ." Ohun tí à ń pè ní sẹ́ẹ̀tì ni iye ìgbà tí èèyàn gbé ẹrù léra wọn kó tó gbé e sílẹ̀ sinmi.

Mo fẹ́ fi ojú ara mi rí i. Ara kan náà ló ni apá méjèèjì, oúnjẹ kan náà ni wọ́n ń jẹ, oorun kan náà ni wọ́n ń sùn; àwọn onímọ̀ pàápàá máa ń lo ọgbọ́n yìí láti fi ẹsẹ̀ kan wé èkejì lára ẹni kan ṣoṣo. Mo fún ọwọ́ ọ̀tún ní sẹ́ẹ̀tì kan, nítorí pé òun ló ń di àlùmọ́gàjí mú lójoojúmọ́, mo sì fún ọwọ́ òsì ní mẹ́ta, pẹ̀lú ìsinmi ìṣẹ́jú 2 láàárín wọn. Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀ ni mo yàn, nítorí pé ọjọ́ méjì ó kéré tán láàárín ọ̀sẹ̀ ni Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn ní ọdún 2020 fún àgbàlagbà láti fi ṣe ohun tó ń mú iṣan lágbára. Ìyẹn ni pé sẹ́ẹ̀tì 2 ni ọwọ́ ọ̀tún ń ṣe lọ́sẹ̀, òsì sì ń ṣe 6. Bí ọwọ́ kan bá ti lè gbé kẹ́ẹ̀gì ní ìgbà 12 nínú sẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́, n ó fi omi ìgò 50cl kan kún tirẹ̀, èyí tó jẹ́ ìdajì kílò, nítorí pé lítà omi kan jẹ́ kílò kan.

Ní ti wíwọ̀n, iṣẹ́ mi nìyẹn. Mo wá egungun tó yọ ní orí èjìká, mo wá ti ìgúnpá, mo fi báírò fa ilà sí àárín méjèèjì, mo sì máa ń tún ilà náà fà kó má bàa parẹ́. Àárọ̀ ni mo ń wọ̀n ọ́n, kí n tó gbé ohunkóhun, nítorí pé apá máa ń wú fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́, téèpù á sì purọ́. Mo jẹ́ kí téèpù fara kan awọ láìfún un, bí ìgbà tí mo bá ń wọn apá aṣọ fún ìyàwó.

Ọ̀rọ̀ sẹ́ẹ̀tì mẹ́ta yìí ní ìtàn tó wù mí. Dókítà ọmọ ogun Amẹ́ríkà kan, Thomas DeLorme, ló kọ̀wé ní 1945 nípa bó ṣe ń fi ẹrù wíwúwo dá agbára padà sí ẹsẹ̀ àwọn tó fara pa. Sẹ́ẹ̀tì 7 sí 10 ló kọ́kọ́ ń lò, ìgbà 10 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó fi di 1948, òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Watkins, ti dín in kù sí nǹkan bíi mẹ́ta, nítorí pé wọ́n rí i pé èyí tó pọ̀ yẹn ti kọjá ohun tí ara nílò. Ìbá ṣe pé mo ti mọ èyí ṣáájú ọjọ́ Ajé ọjọ́sí!

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ọwọ́ ọ̀tún tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kílò 5 ní ìgbà 10 ti ń gbé kílò 6 ní ìgbà 10, òsì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kílò 5 ní ìgbà 8 sì ń gbé kílò 6 ní ìgbà 9. Téèpù kò kúrò lójú kan rárá. Ẹ̀rù bà mí pé mò ń ṣe é ṣì, àmọ́ bó ṣe máa ń rí nìyẹn fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀: ọpọlọ ló kọ́kọ́ ń kọ́ bí a ṣe ń pe iṣan sí iṣẹ́, agbára á sì ti yọ kí ìtóbi tó hàn sójú.

Mo pa ọ̀sẹ̀ kan jẹ nígbà Àjíǹde nítorí iṣẹ́ tó pọ̀, kò sì dí mi lọ́wọ́. Ní òpin ọ̀sẹ̀ 12, ọ̀tún gbé kílò 7 ní ìgbà 10, òsì gbé kílò 7 ní ìgbà 11. Téèpù ọ̀tún lọ láti sẹ̀ǹtímítà 30.2 sí 30.6, ti òsì lọ láti 29.6 sí 30.5. Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà ni mo gbé orí ẹ̀rọ sílẹ̀ fúnra mi, tí mo sì gbé e padà.

N kò ní fi èèyàn kan ṣoṣo dá ẹjọ́. Ní ti agbára pàápàá, àfiwé mi ní àbùkù kan: láti 1894 ni onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Scripture ti fi hàn ní Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà pé apá tí a kò fún níṣẹ́ náà máa ń lágbára sí i nígbà tí a bá ń fún èkejì níṣẹ́, nítorí náà òsì mi lè ti ran ọ̀tún lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ní ti ìtóbi, ohun tí téèpù mi sọ bá ti àwọn onímọ̀ mu. Schoenfeld àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìwádìí 15 jọ ní 2017, wọ́n sì rí i pé iṣan tó ń gba sẹ́ẹ̀tì 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀ dàgbà ní nǹkan bíi ìdá 9.8 nínú ọgọ́rùn-ún, tí èyí tó ń gba ohun tí kò tó 5 dàgbà ní nǹkan bíi 5.4. Èyí tó kéré náà dàgbà, ìyẹn ló sì fún mi láyọ̀ jù, nítorí pé ọ̀pọ̀ àwọn obìnrin ọjà tí mo mọ̀ kò ní ju ìṣẹ́jú 10 lọ lóòjọ́.

Ìyá mi, ẹni ọdún 74, ti dara pọ̀ mọ́ mi báyìí. Mo sọ fún un pé ní Boston ní Amẹ́ríkà, dókítà kan tó ń jẹ́ Fiatarone àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1990 pé àwọn arúgbó ẹni nǹkan bí ọdún 90 tó fi ọ̀sẹ̀ 8 gbé ẹrù pẹ̀lú ẹsẹ̀ di alágbára ju bí wọ́n ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ ní ìlọ́po méjì àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀. Láti orí àga ìdáná ni Màmá ti ń dìde tí wọ́n sì ń jókòó padà, ìgbà 8, sẹ́ẹ̀tì kan, ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀. Bàbá Tíṣà ní kí a má fi sẹ́ẹ̀tì kejì kún un títí ìgbà 8 yóò fi di 12.