Bí mo ṣe ṣẹ́gun òórùn ìwo àgbọ̀nrín
Ìwo tí mo fẹ́ fi ṣe èèkù ọ̀bẹ ń rùn fún ọ̀sẹ̀ méjì. Mo fi iyọ̀ pa á lára, mo sá a sóòrùn Kàbà, síbẹ̀ ìdin ń jáde nídìí rẹ̀. Bàbá ọdẹ kan ló là mí lójú: "Ọmọ mi, egungun wà nínú ẹ̀. Òun ló ń rà."

Òótọ́ ni. Ara ìwo dà bí èékánná, iyọ̀ kò lè wọnú. Mo sè é lẹ́yìnkùlé pẹ̀lú iná jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, torí iná líle lè mú kó wọ́. Mo fi àkísà dì í mú, mo lọ́ ọ: egungun yọ, tòun ti ẹran jíjẹrà dúdú tó ń fà bí ilá. Mo ha inú rẹ̀, mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo gbé e síbòòji kó má baà sán. Kò rùn mọ́.