Ó Ti Ń Kọ Ebè Kò Ní Kẹ́ Ẹ Dá Abẹ́rẹ́ Dúró

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọmọ tàbí àbúrò tó ní àrùn ọpọlọ tí dókítà ń pè ní schizophrenia, àṣìṣe kan la tìtorí ẹ̀ kọ ìwé yìí. Lọ́dọọdún là ń rí i. Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, ọmọ ti ń sùn dáadáa, ó ti ń kọ ebè, ẹ ní ara rẹ̀ ti yá, ẹ bá dá abẹ́rẹ́ dúró. Kí iṣu tó ta, ohùn tí ẹnì kankan kò sọ ti padà sí i létí, ó ti wọgbó lọ. Abẹ́rẹ́ yẹn ló mú ara yá!

Abala méjì ni ọpọlọ ní, òsì àti ọ̀tún; ìdì fọ́nrán kan ló so wọ́n pọ̀. Lára ọ̀pọ̀ èèyàn, òsì ló ń to ọ̀rọ̀, ọ̀tún ló ń fi ìró ohùn mọ̀ bóyá inú ń bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Nínú àìsàn yìí, àwọn oníwádìí kan rò pé iṣẹ́ méjèèjì kì í fi bẹ́ẹ̀ bára wọn mu. Wọ́n ti fi ẹ̀rọ ya àwòrán ọpọlọ àwọn tó ń gbóhùn: apá tí a fi ń sọ̀rọ̀ ló sábà máa ń ṣiṣẹ́ lásìkò náà. Ó jọ pé ọ̀rọ̀ inú aláìsàn fúnra rẹ̀ ló ń gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn. Kì í ṣe agídí. Ẹ má nà án, ẹ má dè é.

Abẹ́rẹ́ ọlọ́jọ́ gígùn, èyí tó ń pẹ́ lára, ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 síra ni wọ́n sábà máa ń gún un, bí dókítà bá ṣe kọ ọ́. Ẹ fi ẹfun kọ ọjọ́ rẹ̀ sára ògiri. Bó bá jẹ́ pé ìgbà àkọ́kọ́ tí àìsàn náà ṣe é nìyí, ọdún 1 sí 2 lẹ́yìn tí ara balẹ̀ ni oògùn yóò ṣì máa lọ. Bí àìsàn náà bá ti padà rí, ó lè tó ọdún 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Dókítà nìkan ló ń dín in, díẹ̀díẹ̀. Kì í ṣe bàbá, kì í ṣe wòlíì.

Ẹ má fi àgbo asofẹ́yẹjẹ lé e. Òun náà ń mú ara balẹ̀, àwọn bàbá wa mọ̀ ọ́n lò, ṣùgbọ́n ó ń fa ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Bó bá pàdé oògùn ọsibítù, èèyàn lè ṣubú lójijì.

Títí ara yóò fi mọ́ oògùn, kò gbọdọ̀ gun ọ̀pẹ. Kó dé akẹtẹ̀ lóko nítorí oòrùn. Bí ọrùn bá yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí ẹyinjú yí sókè, ẹ má sọ pé ayé ni. Oògùn ló fà á, ọsibítù sì mọ bí wọ́n ṣe ń tú u. Bí ara bá gbóná tó sì le gbagidi, ọjọ́ náà ni kẹ́ ẹ gbé e lọ.

Ní Aró l'Abẹ́òkúta, láti 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo fi àwọn aláìsàn wọ̀ sílé àwọn ará abúlé. Wọ́n ń ṣoko, wọ́n ń gba ìtọ́jú, ìbátan kan sì ń bá oníkálukú gbé. Lónìí, ẹ̀yin náà ẹ yan ìbátan tí yóò máa bá a lọ gba abẹ́rẹ́. Bí ọjọ́ abẹ́rẹ́ bá bọ́ sí ọjọ́ ọjà, ẹlòmíràn ni kẹ́ ẹ rán lọ́jà.