Bí mo ṣe fi òwú Màámi wọn ọ̀nà Èkó sí Atlanta

Tíkẹ́ẹ̀tì àbúrò mi ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé bàálù á gbéra ní Èkó ní aago 10:30 alẹ́, á sì balẹ̀ sí Atlanta ní aago 5:45 ìdájí. Màámi bọ́ awò ojú wọn.

"Wákàtí méje àti díẹ̀? Èmi tí mò ń fi odindi ọjọ́ jókòó nínú mọ́tò láti Àkúrẹ́ dé Èkó! Ṣé Amẹ́ríkà ò jìnnà mọ́ ni?"

Ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ wọn lẹ́bàá Ọjà Ọba la wà. Mo lọ yá glóòbù lọ́wọ́ tíṣà kan ládùúgbò. Mo fi òwú funfun yí ìbàdí ayé po, mo tẹ́ ẹ sórí teèpù: sẹ̀ǹtímítà 94. Ayé fúnra rẹ̀, tí a bá yí i po níbẹ̀, tó nǹkan bí 40,000 kìlómítà. Mo wá na òwú láti Èkó sí Atlanta, mo fà á le dáadáa: 22. Mo sọ 22 di ọ̀nà 40,000, mo pín in sí 94, ó fún mi ní 9,362. Mo yẹ̀ ẹ́ wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó kù díẹ̀ kó pé 9,400. Òwú ìránṣọ o!

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé òwú náà gba orí Mali àti Mauritania kó tó bọ́ sójú òkun. Lórí máàpù ara ògiri, Guinea ni ǹ bá fa ìlà gbà. Màámi ò tilẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì: "Tẹ́ aṣọ onílà sórí tábìlì, ìlà ẹ̀ á tọ́. Wá wọ̀ ọ́ fún onídìí ńlá, kí o wò ó bóyá kò ní tẹ̀."

Ó ku wákàtí. Tí mo bá pín 9,400 sí méje, ó ju 1,300 kìlómítà lọ ní wákàtí kan. Eré yẹn ju ti ohùn lọ, Concorde, bàálù èrò tó ń sá irú ẹ̀, sì ti kúrò lójú òfúrufú láti 2003. Bàálù òde òní ò ju bí 850 sí 900 lọ. Wákàtí mọ́kànlá nìyẹn, ká tó ka ti kó rìn nílẹ̀ kó tó fò, àti afẹ́fẹ́ òkè tó ń fẹ́ láti ìwọ̀ oòrùn, tó ń kọ lu bàálù níwájú ní àlọ, tó sì ń tì í lẹ́yìn ní àbọ̀.

Aago ló fi ìyókù pamọ́. Ní oṣù keje tó ń lọ yìí, tiwa fi wákàtí márùn-ún ṣíwájú tiwọn. Tó bá di oṣù kọkànlá tí wọ́n bá dá aago wọn padà, á di mẹ́fà. Èmi ọ̀mọ̀wé, mo kọ́kọ́ yọ márùn-ún kúrò nínú méje, ó ku méjì. Màámi rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi fi abẹ́rẹ́ gún ara wọn. Àròpọ̀ ni: 5:45 tiwọn, 10:45 àárọ̀ tiwa. Wákàtí méjìlá àti ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Lọ́jọ́ náà, 10:45 kọjá, kò sí ìpè. Màámi gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. Ní 11:10 ni fóònù dún. Wọ́n ti balẹ̀, wọ́n wà lórí ìlà.

"Ṣé oòrùn ti yọ lọ́hùn-ún?"

"Kò tíì yọ, mà."

Màámi wo páànù ṣọ́ọ̀bù iwájú tó ń kọ mànà. "Tiwa ti ń jóni."