Bí A Ṣe Ń Gba Ilé Ìsinmi Tí A Ti Ń Dáná Fúnra Wa ní Erékùṣù Barra

Barra wà ní ìhà gúúsù nínú ọ̀wọ́ àwọn erékùṣù Outer Hebrides, ní ìwọ̀ oòrùn Scotland, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kò sì ju bíi 1,200 lọ. Ilé kékeré tó dá dúró ni àlejò sábà máa ń gbà níbẹ̀: ìkòkò, àwo, sítóòfù àti bẹ́ẹ̀dì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò bá yín se oúnjẹ. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí ènìyàn ti sanwó ilé kó tó wádìí ọ̀nà tí yóò gbà dé ibẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ bẹ onílé pé kó bá yín fi ọjọ́ tí ẹ fẹ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ kan tàbí méjì, kí ẹ sì lọ wo àyè nínú ọkọ̀ ojú omi ilé iṣẹ́ CalMac tó ń gbéra láti ìlú Oban lọ sí Castlebay, èbúté ní Barra, ìrìn àjò tó máa ń gbà tó wákàtí márùn-ún. Nítorí pé láti Sátidé dé Sátidé ni ọ̀pọ̀ onílé ń fi ilé wọn sílẹ̀ fún àlejò, ọkọ̀ kan náà ni gbogbo ayé ń dù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn (June sí August), àyè ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ sì lè tán ní oṣù mélòó kan ṣáájú. Bí èyí bá kún, ẹ lè wọ ọkọ̀ ojú omi láti Uig ní erékùṣù Skye dé Lochmaddy, kí ẹ wa ọkọ̀ gba àwọn erékùṣù Uist wá sí gúúsù títí dé Eriskay, níbi tí ọkọ̀ ojú omi mìíràn ti ń gbé ènìyàn dé Barra ní nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú. Ìgbà tí ẹ bá ti rí tíkẹ́ẹ̀tì gbà ni kí ẹ tó san àsansílẹ̀ owó ilé.

Ẹni tí kò bá ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lè bá ọkọ̀ òfurufú lọ láti Glasgow, ní wákàtí kan ó lé díẹ̀. Orí iyanrìn etíkun Tràigh Mhòr ni ọkọ̀ náà ń balẹ̀ sí, bí òkun bá sì ti kún, omi a bo pápá náà mọ́lẹ̀, ìdí nìyí tí àkókò ìrìn àjò fi ń yí padà láti ọjọ́ dé ọjọ́. Èmi gbà pé ó yẹ kí ènìyàn fojú ara rẹ̀ rí i lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kékeré ni, kò ṣeé kó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan sí.

Kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ wo nọ́ńbà ìwé àṣẹ nínú ìpolówó ilé náà. Òfin Scotland kò gba ènìyàn láyè láti máa fi ilé gba àlejò ọlọ́jọ́ díẹ̀ láìní ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè bóyá aṣọ ibùsùn, táwẹ́ẹ̀lì, iná mànàmáná àti igi ìdáná wà nínú owó ilé, àti bóyá fóònù ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ló gba ìmúra jù. Ilé ìtajà Co-op wà ní Castlebay, ṣùgbọ́n bí ìjì bá dá ọkọ̀ ojú omi dúró, kò ní pẹ́ tí búrẹ́dì àti ewébẹ̀ yóò fi wọ́n lórí àtẹ. Ẹ di ìrẹsì, gàrí, ẹ̀lùbọ́ àti ata gbígbẹ láti ilé, kí ẹ sì fi ẹja tútù àti edé sílẹ̀ de erékùṣù náà. Ẹ ṣọ́ra fún ata díndín o: òfin Scotland ti mú kí aago èéfín inú ilé so pọ̀ mọ́ra wọn, bí ọ̀kan bá ké, gbogbo wọn ni yóò ké. Ẹ ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná, kí ẹ ṣí fèrèsé, kí ẹ tó da epo sórí iná.

Sókàwéè ni omi ìdọ̀tí ilé tó jìnnà sí ìgboro sábà máa ń lọ, nítorí náà ẹ má ṣe ju aṣọ ìnudọ̀tí, ọ̀rá oúnjẹ tàbí páàdì sínú àwo ìgbọ̀nsẹ̀. Bí ẹ bá ń wa ọkọ̀, ojú ọ̀nà tóóró tí ọkọ̀ méjì kò lè yà fún ara wọn pọ̀ níbẹ̀; ẹ máa dúró ní àyè tí wọ́n là sílẹ̀, kí ẹ sì di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú ṣinṣin bí ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀, nítorí atẹ́gùn ibẹ̀ lè ṣẹ́ ẹ.

Ní òru ọjọ́ tó ṣáájú àtipadà, ẹ wo ìkéde CalMac. Bí wọ́n bá fagi lé ọkọ̀ yín, ẹ pe onílé lójú ẹsẹ̀, nítorí pé àwọn àlejò tuntun náà kò ní lè wọlé, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ kí ẹ sun ibẹ̀ mọ́jú. Ẹ má ṣe fi ìpàdé ibi iṣẹ́ sí ọjọ́ kejì.